Àkọsílẹ̀ tó wà nílùú mẹ́ta náà lè sọnù

Ẹ bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ̀rọ̀ ní Adó-Èkìtì, ẹ ó gbọ́ ọ: “Àkọsílẹ̀ wa wà lórí kọ̀ǹpútà ní Adó, ó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ó tún wà lókè òkun. Kò lè sọnù mọ́ láé.” Ẹ̀yin ará, ó lè sọnù, níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti iná, olè àti ìjì tó ń ṣí òrùlé wa, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti OVHcloud, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníbàárà tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé. Oníbàárà tó ní ẹ̀dà sí ibòmíràn rí tirẹ̀ gbà padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ló pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá kọ sí kọ̀ǹpútà Adó, ti Ìkẹ́rẹ́ ń dà á kọ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ bá pa rẹ́ ní Adó, ó ń pa á rẹ́ pẹ̀lú. Kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bí ọwọ́ akọ̀wé bá ṣèèṣì sọ owó tí ìyá aláta kan ní Ọjà Ọba ti ń dá láti ọdún pípẹ́ di òdo, òdo ni gbogbo ẹ̀dà yóò máa fi hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ àwọn ọ̀daràn tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gbowó ṣe ń tàn kálẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mọṣẹ́ dunjú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, ń tún ẹ̀dà kejì dátábéèsì (àkójọ àkọsílẹ̀) wọn ṣe. Ó fẹ́ nu ti ẹ̀dà kejì kúrò, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ló wà. Àkọsílẹ̀ tó tó nǹkan bí 300 gígábáìtì lọ. Ẹ̀dà kejì kò gbà wọ́n. Ètò backup ojoojúmọ́, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀, sì ti ń kùnà. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ kò dé. Ẹ̀dà tí ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ yà sọ́tọ̀ ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n.

Ẹ̀dà tí kì í tẹ̀lé àwọn yòókù lẹ nílò: ti àná, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti oṣù tó kọjá, lórí ohun tí ẹ yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, tí ẹ sì tọ́jú síbòmíràn. Kí ẹ máa dán an wò, nítorí backup tí ẹ kò tíì ṣí rí, ìrètí lásán ni. Nípàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí akọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà mìíràn wá, kó sì ṣí ìwé owó oṣù tó kọjá lórí rẹ̀ lójú gbogbo yín.