Èsì sí Àǹtí wa tó ní òun sanwó òkè oníná, òkúta dúdú ni wọ́n fi han òun

Ẹ kú ìrìn o, Àǹtí. Ẹ kú àbọ̀ sí London. Ẹni tó kó ọmọ méjì àti Màmá wọ bàálù wá sí Tenerife, erékùṣù Spain níbí, ti ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí ara ó lè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún tí ẹ fún wa, ẹ̀tọ́ yín ni, n kò ní bẹ̀ yín kí ẹ yí i padà. Àmọ́ àwọn ẹlòmíràn ń bọ̀ wá ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó sanwó, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn ní gbangba, kí kálukú lè mọ ohun tó ń rà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí ẹ sọ rèé. Ẹ ní ìpolówó wa pe ìrìn náà ní "ilẹ̀ òkè oníná, ọgbà àti àdúgbò àtijọ́, ìdajì ọjọ́", ṣùgbọ́n ẹ kò rí iná, ẹ kò rí èéfín, "òkúta dúdú etí òkun lásán" la fi hàn yín ní ìlú Garachico. Ẹ ní àwọn tí ẹ jọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì gun Teide, òkè oníná tó ga jù níbí, ẹ̀yin kò dé ibẹ̀, ìkùukùu kò tiẹ̀ jẹ́ kí ẹ rí i lókèèrè. Ẹ ní a pẹ́ jù nínú ọgbà igi ní Puerto de la Cruz, owó ìwọlé ibẹ̀ sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú àtijọ́ La Orotava fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá lórúnkún. Ẹ tún ní awakọ̀ ní sùúrù. Èmi ni awakọ̀ yẹn, ẹ ṣeun.

Ọ̀rọ̀ òkúta dúdú yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló ká mi lára jù. Àǹtí mi, òkúta yẹn gan-an ni òkè oníná tí ẹ sanwó fún.

Kó tó di ọdún 1706, Garachico ni èbúté tó lókìkí jù ní gbogbo erékùṣù yìí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń kó wáìnì lọ sí England, ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ ni àwọn olówó kọ́ ilé sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1706, ilẹ̀ la ẹnu lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Òkúta yíyọ́ ya sí ẹsẹ̀ bíi mélòó kan, ó ń ṣàn gba orí bèbè tó ga gogoro tí ẹ rí lẹ́yìn àwọn ilé yẹn, ó ń bọ̀ wálẹ̀ lórí àwọn ènìyàn. Kò yára bí omi, wọ́n ráyè sá. Ilé kò lè sá. Iná jó ilé, ó jó ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn, lẹ́yìn náà òkúta yíyọ́ wọ èbúté, ó dí i pa. Ìlú tó ti ń ṣòwò pẹ̀lú ayé kò rí ibi tí ọkọ̀ ńlá yóò gúnlẹ̀ sí mọ́. Òwò kó lọ sí ibòmíràn. Puerto de la Cruz, ibi tí mo ti wá gbé yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wà lára àwọn tó jẹ èrè rẹ̀.

Àwọn adágún kéékèèké tí ọmọ yín ọkùnrin ń fò láti inú ọ̀kan bọ́ sínú òmíràn, tí ẹ ń pariwo pé kó má yọ̀ ṣubú, El Caletón lorúkọ wọn. Òkúta yíyọ́ ló já sínú omi òkun níbẹ̀, ó tutù, ó le, ó sì dá àlàfo sí àárín ara rẹ̀. Gbogbo ibi tí ẹ tẹ̀ ní etí omi yẹn, òkun ni tẹ́lẹ̀. Ẹ tún rántí odi kékeré olókùúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Castillo de San Miguel? Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ láti fi lé àwọn olè ojú omi. Òun wà lára ohun díẹ̀ tí iná ọdún yẹn fi sílẹ̀.

Ibi tó wù mí jù nínú gbogbo ìrìn náà, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ nínú àròyé yín, bẹ́ẹ̀ ẹ fi fọ́tò rẹ̀ síbí. Ọgbà kékeré tí a gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ sí, níbi tí ẹnu ọ̀nà olókùúta kan dá dúró láàárín òdòdó. Puerta de Tierra ni wọ́n ń pè é. Bodè èbúté ni. Gbogbo ẹrù tó bá ti inú ọkọ̀ òkun bọ́, abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọ ìlú, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀, abẹ́ rẹ̀ ló ń gbà jáde. Ìdí tó fi rì sísàlẹ̀ títì ni pé ilẹ̀ tí òkè oníná kó wá ga ju ilẹ̀ tí àwọn baba wọn tẹ̀. Wọ́n ní láti wa ilẹ̀ kí wọ́n tó tún rí i. Mo máa ń dákẹ́ níbẹ̀ kí àwọn àlejò wò ó fúnra wọn kí n tó ṣàlàyé. Bóyá n ó máa tètè sọ̀rọ̀ báyìí.

Bọ̀dá ní tiwọn, níbi ère ọkùnrin tó gbé àpótí lọ́wọ́ ni wọ́n pẹ́ sí, èyí tí àyà rẹ̀ lu sí òdìkejì. Ère àwọn ọmọ erékùṣù yìí tó ṣí lọ sí Cuba àti Venezuela ni. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan níbẹ̀, èmi náà kò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tó ti filé sílẹ̀ rí mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ iná àti èéfín. Àǹtí, kò sí ìrìn kankan ní Tenerife, ì báà jẹ́ olówó gegere, tí wọ́n ti lè fi iná hàn yín lónìí. Ìgbà tí ilẹ̀ yọ iná kẹ́yìn níbí ni oṣù Kọkànlá ọdún 1909, ní Chinyero, ọjọ́ mẹ́wàá ló fi jó. Kódà kì í ṣe orí ṣóńṣó Teide ló ti jáde. Ẹni tó bá dé orí Teide yóò rí ooru díẹ̀ tó ń jáde lójú ihò, yóò gbóòórùn imí ọjọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná gidi tó yọ ní agbègbè yìí kò tíì pẹ́, erékùṣù La Palma ni, láti ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ilé tó bá a lọ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Àwọn kan ń pè mí nígbà náà pé ṣé mo lè kó wọn lọ wòran. N kò lọ.

Teide fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìrìn yìí, ìpolówó wa sì sọ ọ́: ẹ̀ẹ̀kan péré la dárúkọ rẹ̀, níbi tí a ti kọ pé a kò ní dé ibẹ̀. Àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì yín gba ìrìn odindi ọjọ́. Òkè tó ga tó mítà 3,715 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé mì kó tó jẹun ọ̀sán. Ọkọ̀ tó ń gun okùn irin máa ń gbéra ní mítà 2,356, yóò já yín sílẹ̀ ní 3,555. Bí atẹ́gùn bá le, wọn kò ní jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá, ẹ ó kàn jókòó síbẹ̀ máa wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó gan-an yóò ti gba ìwé àṣẹ ṣáájú. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ náà fúnra wọn ló ń kìlọ̀ pé kí aboyún àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn má gùn ún. Ẹ wo gbogbo èyí mọ́ ọmọ méjì àti àgbàlagbà kan, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí aago kan ààbọ̀. Kò ṣe é ṣe.

Ìkùukùu tó bo Teide mọ́ yín lójú ní ibi ìwòran Humboldt, n kò lè dá owó rẹ̀ padà, nítorí kì í ṣe èmi ni mo tà á. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń kó ọ̀rinrin òkun wá, ó ń lù mọ́ ara òkè, ó ń di ìkùukùu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: láìsí ìkùukùu yẹn, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ rí lọ súà ní ìsàlẹ̀, kò sì sí ọgbà. Ẹ lọ sí gúúsù erékùṣù yìí, níbi tí oòrùn pọ̀ sí, kí ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe gbẹ táútáú.

Ọgbà igi náà wá kọ́. Wákàtí kan la kọ sínú ìpolówó, wákàtí kan la lò. Bí wọ́n bá ní kí n gé nǹkan kan kúrò nínú ìrìn yìí, ọgbà ni n ó gé kẹ́yìn. Carlos Kẹta, ọba Spain, ló pàṣẹ ní ọdún 1788 pé kí wọ́n dá a sílẹ̀, ìjòyè kan níbí, Alonso de Nava y Grimón, ló sì bójú tó iṣẹ́ náà. Ọba fẹ́ àwọn igi ilẹ̀ olóoru, àwọn tó ń wá láti Amẹ́ríkà àti Éṣíà, sínú ọgbà tirẹ̀ ní Madrid. Òtútù Madrid yóò pa wọ́n bí wọ́n bá lọ tààrà, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ sinmi níbí, kí ara wọn mọ́lé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Àwọn igi dé, wọ́n fẹ́ràn ibí, wọ́n rúwé. Èyí tí wọ́n kó dé Madrid, òtútù pa á náà ni. Bí àwọn tó kù ṣe di ará ibí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa tó ń gbé ní òkè òkun yẹ kó yé!

Igi ńlá tí ọmọ yín obìnrin sá pamọ́ sínú gbòǹgbò rẹ̀ tí a ń wá a kiri, ìdílé kan náà ni òun àti ọdán wa nílé. Erékùṣù Lord Howe, lọ́dọ̀ Ọsirélíà, ni wọ́n ti mú un wá. Gbòǹgbò rẹ̀ ń já bọ́ láti ara ẹ̀ka, bó bá kan ilẹ̀ yóò di òpó. Ẹ̀yin ń wo aago, àwọn ọmọ ò fẹ́ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀tọ̀ nítorí ìjọba ló ni ọgbà, owó náà kì í wọ àpò wa. Ó wà nínú ìpolówó pẹ̀lú.

Ti Màmá ló kù. Òótọ́ ni pé La Orotava ga, òpópónà San Francisco tí ilé àtijọ́ Casa de los Balcones wà kò ṣàánú orúnkún ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ sínú ìpolówó pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, pé òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ fún àwọn òǹkàwé pé Màmá kò gun gbogbo rẹ̀. Àárín ọ̀nà la ti yà, mo mú wọn lọ jókòó ní Plaza de la Constitución, wọ́n sì mu barraquito tí wọn kò da ọtí sí, kọfí olómi wàrà dídùn tó ń dúró ní ìpele-ìpele nínú ife. Wọ́n mu ìkejì. Ẹ̀yin àti Bọ̀dá ń wo bálíkónì onígi tí wọ́n fi igi páìnì ilẹ̀ yìí gbẹ́, ilé ọdún 1632. Màmá ń wo àwọn ènìyàn. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ní kí n má kánjú.

Ṣọ́ọ̀ṣì La Concepción tí a wọ̀ kẹ́yìn níbẹ̀, òun náà kò yà kúrò lórí ohun tí ẹ sanwó fún. Ilẹ̀ mì tìtì nígbà tí òkè yọ iná ní ọdún 1704 sí 1705, ó ba ti àtijọ́ jẹ́, èyí tí ẹ rí yìí parí ní 1788, ọdún kan náà tí ọba pàṣẹ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni níwájú gbọ̀ngàn ìlú, lọ́dọọdún nígbà ọdún Corpus Christi ti àwọn Kátólíìkì, erùpẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi láti Teide ni wọ́n fi ń ya àwòrán ńlá sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ bá wá ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, ẹ ó bá a.

Ẹ̀yin tó ń kà á, tí ẹ ní àgbà lẹ́yìn: ẹ sọ fún wa nígbà tí ẹ bá ń sanwó. A lè já wọn sílẹ̀ lókè ìlú kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a kì í gba owó kún un. Ẹni tó bá jẹ́ Teide ló wà lọ́kàn rẹ̀, ìrìn odindi ọjọ́ ni kó mú, kó sì bi mí léèrè nípa atẹ́gùn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ olókùn.

Àǹtí, fìlà pupa ọmọ yín obìnrin wà lọ́dọ̀ mi, abẹ́ àga ẹ̀yìn ni mo ti rí i. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kì í ṣe níbí, n ó fi í ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, ẹ bá mi kí Màmá dáadáa.