Ìyẹ́ kọ́ ló ń mú ọfà fò

Bàbá ọdẹ kan wà ládùúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ìbọn ni wọ́n ń gbé wọ igbó, àmọ́ apó ọfà bàbá wọn ṣì wà lórí ìṣó nínú yàrá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo ń gbẹ́ ọfà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìyẹ́ kí lo fi sí i?" Mo ní tòlótòló ni, sà. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fi kẹrosíìnì se ọbẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí! Tòlótòló tí kò lè fo ògiri? Ìyẹ́ àṣá ni wọ́n ń lò. Bí ẹyẹ bá ṣe ń sáré sí lọfà ṣe ń sáré sí."

Kì í ṣe bàbá nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti rí ọfà rò pé ìyẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni apá tó fi ń fò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọsán, okùn ọrun, ló ń ti ọfà. Bí ọfà bá ti já kúrò lára ọsán, kò sí nǹkan kan tó tún ń tì í mọ́. Àwọn tó ní "ọsán já, ọrun dọ̀pá" mọ ibi tí agbára wà, wọn ò dárúkọ ìyẹ́. Ká sòótọ́, ṣe ni ìyẹ́ ń fa ọfà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí a tìtorí ẹ̀ fi síbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ mú ìgbálẹ̀ kan, kí ẹ jù ú bí ẹni ju ọ̀kọ̀. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n so ni yóò ṣíwájú, irun rẹ̀ á máa tẹ̀ lé e. Ẹ wá fa ẹyọ kan yọ nínú rẹ̀, kí ẹ ju ìyẹn náà: á fì síhìn-ín, á fì sọ́hùn-ún, á sì fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà wa mọ èkejì rẹ̀: bí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ bá ki àjẹ̀ bọ omi, tí kò wà á, ọkọ̀ á dẹ̀rìn díẹ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ò ní yà. Ìyẹ́ ni àjẹ̀ ọfà. Ọfà sì nílò rẹ̀ gan-an, torí bí ọsán bá ṣe gbá a nídìí, igi rẹ̀ máa ń wọ́ sọ́tùn-ún sósì bí ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó rí ọrun yà kọjá. Ìyẹ́ ló ń pa ìjó yẹn.

Ṣé dandan wá ni kó jẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ? Àwọn Mbuti inú igbó Ituri ní Kóńgò máa ń la ìdí ọfà wọn, wọ́n á ki ewé bọ ibẹ̀, wọ́n sì ń fi í pa ẹran. Ní New Guinea, ọ̀pọ̀ ọfà ni kò ní nǹkan kan nídìí: igi rẹ̀ gùn, orí rẹ̀ sì wúwo, ìwúwo yẹn ló ń fà á tọ́. Àwọn obìnrin Kòríà Gúúsù ló gba wúrà ẹlẹ́gbẹ́-jẹgbẹ́ nínú ìdíje ọfà ní gbogbo Òlíńpíìkì láti 1988 títí dé 2024. Ẹ wo ìdí ọfà tí wọ́n ń ta ní mítà 70: ike tínńrín tó ká bí ìwé ni. Kò sí àṣá níbẹ̀.

Èmi náà gbìyànjú tèmi lẹ́yìnkùlé, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ṣe àmì, mo dúró sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọfà tí mi ò fi nǹkan kan sí wọ ìtì lóòótọ́, àmọ́ ó dà gbẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti mu ẹmu yó. Mo wá fi téèpù tó nípọn, èyí tó ní òwú nínú, dì í nídìí, mo gé e ní apá mẹ́ta. Ó lọ tààrà. Mo tún ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lọ tààrà. Inú mi dùn, mo kó o sápó, mo gbé e sínú oòrùn. Ìgbà tí mo padà dé, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ́, apá kan ti lẹ̀ mọ́ èkejì. Téèpù dáa, àmọ́ kò fẹ́ràn oòrùn wa.

Ewé àgbọn gbígbẹ ló yà mí lẹ́nu jù. Mo la igi díẹ̀ sókè ibi tí ọsán ń wọ̀, mo ki ewé bọ̀ ọ́, mo fi òwú so òkè àti ìsàlẹ̀ kó má baà là dénú. Ìró rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ dà bí ìgbà tí èèyàn fa bébà ya, ó sì kàn ìtì ní ojú ibi tí mo wò gan-an. Ó lo ọ̀sán kan kó tó fọ́.

Fáìlì onírọ́bà tí mo gé, ẹ̀jẹ̀ ló mú wá. Ọrun onígi lásán ni mò ń lò, orí ọwọ́ ni ọfà ń gbà kọjá. Ìyẹ́ máa ń tẹ̀ bó bá kan ọwọ́ tàbí igi ọrun, á sì padà dìde. Rọ́bà kì í tẹ̀. Ó gbá igi ọrun, ọfà fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, eteetí rẹ̀ sì la oríkèé àtàǹpàkò mi. Àwọn tí ọrun wọn ní ohun tí ọfà ń gbé lé, tí kò jẹ́ kí ìdí rẹ̀ kan nǹkan, ni rọ́bà wà fún. Fún wọn, ó dáa gan-an, torí òjò ò rí i gbé ṣe, ìyẹ́ ẹyẹ sì máa ń lẹ̀ pẹ̀lẹ̀bẹ̀ bí irun adìẹ tó jábọ́ sí kòtò tó bá ti rin.

Ó níbi tí bàbá ti gba máàkì o. Wọ́n ní adìẹ ò dáa, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe torí pé adìẹ ò lè fò. Ìyẹ́ rẹ̀ ló rọ̀ jù. Ti tòlótòló le, ó sì fẹ̀. Wọ́n tún ní ìyẹ́ ọfà kan gbọ́dọ̀ wá láti apá kan náà, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni: ibi tí ìyẹ́ apá ọ̀tún tẹ̀ sí kọ́ ni ti òsì tẹ̀ sí, bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ọ̀kan á fẹ́ yí ọfà síbí, èkejì á ní ọ̀hún ni. Ti ìyára náà, ìyẹ́ fúyẹ́ ju rọ́bà lọ, ọfà rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣíwájú díẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, onírọ́bà á lé e bá, torí afẹ́fẹ́ ń fa ìyẹ́ jù.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó fẹ́ fi dẹ ìgbẹ́ ni pé kí wọ́n má fi orí ọfà ṣóńṣó dán ewé wò, kí wọ́n wá fi irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bá ọ̀yà. Irin tó fẹ̀ náà ń gba afẹ́fẹ́ níwájú, bí ìdí ò bá lágbára tó, iwájú ni yóò máa darí. Ẹran á gba ọgbẹ́ sábẹ́ ìfun, á sì lọ kú síbi tí ẹ ò ní rí i. Irin tí ẹ máa lò gan-an ni kí ẹ fi dán an wò. Ìyẹ́ ńlá, tó ga, ni mo fi sí ọfà onírin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi. (Tí ẹ bá jẹ́ kó tóbi kọjá bẹ́ẹ̀, ọfà ò ní lọ jìnnà, irú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó ń ta sí ẹyẹ lókè kó má baà sọ nù. Tafàsókè tiwọn ò nílò odó.)

Àwọn kan tún ní ìyẹ́ igún ló lágbára jù. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ti ka igún ilẹ̀ wa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Èmi, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń pa tòlótòló lóṣù Kejìlá ni mò ń lọ. Wọ́n ń kó ìyẹ́ apá rẹ̀ dànù tẹ́lẹ̀, báyìí wọ́n ń bá mi tọ́jú ọ̀tún sínú ọ̀rá kan, òsì sínú ọ̀rá kejì.

Mo mú ọfà eléwé lọ fún bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n yí i wò, wọ́n fi ìka tọ́ ewé náà, wọ́n ní kí n lọ gbé ọrun wá.