Imú eṣinṣin èso ni irun yẹn
Ìròyìn kan sọ pé àwọn olùwádìí fi maikirosikóòpù ka irun orí ìwo (ẹ̀yà kékeré méjì tó yọ níwájú orí) Bactrocera dorsalis, ìyẹn irú eṣinṣin èso kan, àwọn kan sì ń béèrè àǹfààní tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Imú rẹ̀ nìyẹn! Irun wọ̀nyẹn ní ihò tíńtìntín lára, ibẹ̀ ni òórùn ń gbà wọlé bá iṣan ìmọ̀lára. Òórùn yìí ló ń júwe èso tó ti ń pọ́n fún un. Abo á wá fi ìdí rẹ̀ ṣóńṣó gún èèpo, á yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, ìdin á sì máa jẹ èso láti inú, níbi tí oògùn tí a fọ́n sára èso kì í sáábà dé.

Pàkúté ni èmi fara mọ́. Methyl eugenol, kẹ́míkà olóòórùn tí wọ́n ń fi sínú pàkúté, ń fa akọ gan-an, àmọ́ abo kì í fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, bẹ́ẹ̀ abo ló ń ba èso jẹ́. Ẹni tó bá mọ irú irun tí abo fi ń gbóòórùn ló lè wá ohun tí yóò fa òun náà. Kí àwọn olùwádìí má sì gbàgbé ìdí ṣóńṣó tí abo fi ń yé ẹyin o: irun ìmọ̀lára wà níbẹ̀ pẹ̀lú.