Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí ìsàlẹ̀

Òru ni iná lọ. Màmá mi dìde láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ wọn bọ́ sínú omi ní pálọ̀. Omi iyọ̀ ni, tó dà jáde láti inú àpótí omi tí mo fi ń sin ẹja àti iyùn ààyè inú òkun, tó ti rin ẹní gbindin. Wọ́n tan iná fóònù, wọ́n wo àwọn ẹja tó ṣì ń wẹ̀ lókè, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Wọn ò bá mi wí rárá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo gbà ni pé kì í ṣe iná aláwọ̀ búlúù tàbí pọ́ǹpù olówó ńlá ló ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a ń sin iyùn ààyè ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Àyè òfìfo inú àpótí ìsàlẹ̀ ni.

Àpótí méjì ni, ẹ mọ̀. Omi tòkè ń ṣàn kọjá etí ibi tí a gé fún un, ó ń gba páìpù sọ̀ sínú tìsàlẹ̀, pọ́ǹpù á tún gbé e padà sókè. Bí iná bá lọ, pọ́ǹpù dákẹ́, ṣùgbọ́n omi òkè ò tíì dákẹ́. Á máa ṣàn títí yóò fi relẹ̀ ju etí yẹn lọ. Páìpù tó ń gbé omi lọ sókè náà á wá yí padà, á máa fà á bọ̀. Ẹ ti rí àwọn tó ń ta kpayo, epo ẹ̀bá ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà fa epo: ẹnu ni wọ́n fi ń fà á lẹ́ẹ̀kan, epo á sì máa dà fúnra rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ orí rọ́bà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Àpótí mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 50. Bí omi rẹ̀ bá relẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 péré, lítà 18 ló ń bọ̀ nísàlẹ̀. Àyè lítà 10 ni mo fi sílẹ̀, torí pé mo fẹ́ kí ó kún kó lẹ́wà.

Ẹni tó bá mi tò ó ti fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sára páìpù tó ń gbé omi lọ sókè. Nígbà tí mo tú u, ìgbín òkun kékeré kan ló há sí ahọ́n rẹ̀. N ò ní kí ẹ má lo fáàfù. Ẹ má kàn jẹ́ kí òun nìkan dúró láàárín yín àti ilẹ̀ pálọ̀. Ẹ lu ihò kékeré sára páìpù náà, díẹ̀ sí abẹ́ ojú omi òkè, kí afẹ́fẹ́ lè tètè wọlé, kí ẹ sì máa fi igi ìtayín nù ún torí ewé omi máa ń dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa pọ́ǹpù lọ́sàn-án gangan, ẹ jẹ́ kí omi sọ̀ tán, ẹ bu èyí tó bá pọ̀ jù kúrò nísàlẹ̀ kí ó má kan etí. Ẹ tan pọ́ǹpù padà. Ibi tí omi ìsàlẹ̀ bá dúró sí, ẹ fi ìlà pupa sí i, kí ẹ má ṣe bu omi sí i kọjá rẹ̀ láéláé.

Ọ̀rọ̀ bíbu omi yìí náà ń dùn mí. Nígbà ọyẹ́, omi ń gbẹ kíákíá, àwọn kan á sì máa fi omi iyọ̀ dí i. Omi nìkan ló ń gbẹ, iyọ̀ ò lọ síbì kan. Bí lítà 20 bá gbẹ nínú lítà 200 tí iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà kan, iyọ̀ náà á di nǹkan bíi 39. Iyùn tí àwọn ọba wa ń so mọ́rùn, egungun irú ẹ̀dá yìí ni. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ìnira sì ni iyọ̀ àpọ̀jù fún un. Omi tí kò ní iyọ̀, tí a sẹ́ dáadáa, ni kí ẹ fi dí i, díẹ̀díẹ̀, láràárọ̀.

Iná tún lọ lálẹ́ àná. Mo gbọ́ tí omi ń sọ̀, mo gbọ́ tí páìpù fa afẹ́fẹ́ símú, ó dákẹ́. Màmá mi ò tilẹ̀ jí.