Ẹ Bi Aláìsàn Ní Ohun Tó Ń Mu Nílé, Ẹ Má Bú U

“Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko.” Ìdí ààrò kan náà la ti ń wá oògùn: ata ilẹ̀, áyù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti oyin, ká gún un, ká rọ ọ́ sínú rọ́bà, ká máa mu ún láràárọ̀. Kò sí ìjà láàárín wa àti ẹni tó ń mu ún. Bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́ fún dókítà ló ń bí wa nínú.

Áyù tó bá pọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, bíi warfarin tàbí aspirin, tó tún ń mu áyù gígún lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ lè dà lára rẹ̀ kọjá ààlà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Omi ewúro lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí àgbàlagbà bá lo oògùn àtọ̀gbẹ tán, tó gbé ife ewúro lé e láìjẹun, òòyì lè gbé e ṣubú. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é.

Tọmọdé ló ń bani lẹ́rù jù. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù, ewé tábà àti àlùbọ́sà ṣe máa ń fa ṣúgà ara ọmọ wálẹ̀, gìrì á sì tún le sí i. Oyin ògidì pàápàá kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1: kòkòrò inú rẹ̀ lè rọ ọmọ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Kí ló dé tí aláìsàn kì í sọ? Èébú ni. Ó ní òun mu àgbo, nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ ọn lójú èrò. Nígbà tó tún padà wá, ó ní òun ò fẹnu kan nǹkan kan.

Láti ilé ìwòsàn Wesley Guild nílùú Iléṣà yìí ni Dókítà David Morley ti lọ dá kíníìkì ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín ọdún 1950 sí 1960, tó fi káàdì ìwọ̀n ọmọ sọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlà kan wà lórí káàdì gbogbo aláìsàn, àtọmọdé àtàgbà: “Kí lẹ ń mu nílé?” Kẹ́ni tó ń bèèrè rọra bèèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á lọ́jà Àtàkúmọ̀sà náà, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ pò pọ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ sè é sára rọ́bà. Bébà pélébé àti gọ́ọ̀mù ló máa ná yín.