Aṣọ táátàn kọ́ ni wọ́n fi ń dá ọ̀tá mọ̀ ní Skọ́tlándì

Ibi ìgbéyàwó kan ní Glasgow ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ló ń fẹ́ ọmọ Skọ́tlándì, ọkọ ìyàwó sì wọ kílítì, aṣọ bíi yẹ̀rì tí àwọn ọkùnrin wọn ń ró, tí wọ́n fi táátàn rán, ìyẹn aṣọ aláràbarà tí ìlà rẹ̀ ń dábùú ara wọn. Ó yẹ ẹ́ gan-an. Àǹtí kan tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Ṣé o rí aṣọ yẹn? Ilà ojú tiwọn nìyẹn o. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè báyìí, wọ́n á ti mọ̀ bóyá ọmọ MacDonald ló ń bọ̀ ni àbí ọmọ Campbell, wọ́n á sì fa idà yọ." Mo ní, "Àǹtí, kò rí bẹ́ẹ̀ o." Wọ́n ní inú ìwé làwọn ti kà á, pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ń ka ìwé wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ràn wọn dọ́kàn: ìdílé méjì tó ti ń bára wọn jà láti ayé bàbá ńlá wọn, ọmọbìnrin olórí ìdílé kan tó lọ nífẹ̀ẹ́ ọmọ ọ̀tá, òjò, òkè, ẹṣin. Ìjà yẹn kì í ṣe irọ́. Lọ́dún 1396, ní ìlú Perth, níwájú ọba, 30 ọkùnrin láti ìhà kan dojú kọ 30 láti ìhà kejì, wọ́n sì pa ara wọn nípakúpa. Ohun tó jẹ́ irọ́ ni ibì kan tí kì í wọ́n nínú àwọn ìwé náà: ọmọbìnrin yẹn á sá pamọ́ sẹ́yìn igi, á rí aṣọ ọkùnrin kan tó ń bọ̀, ìlà búlúù lórí àwọ̀ ewé, àyà rẹ̀ á já, á ní, "Ọ̀tá wa ni!" Aṣọ ọkùnrin náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Aṣọ táátàn tó jẹ́ ti ìdílé kọ̀ọ̀kan, tí a fi ń mọ ọmọ lágbájá yàtọ̀ sí ọmọ làmọ̀rín, ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, lẹ́yìn tí ogun ìdílé ti parí pátápátá.

Ẹ lọ sí Edinburgh, sí Scottish National Portrait Gallery. Àwòrán kan wà tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1749, tó fi àwọn ọmọ MacDonald méjì hàn, ọmọ olórí ìdílé MacDonald ti Sleat ní erékùṣù Skye. James, ẹ̀gbọ́n, mú ìbọn lọ́wọ́. Alexander, àbúrò, mú ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Mo dúró síwájú àwòrán yẹn títí ọrùn fi ń ro mí. Ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ ẹ̀gbọ́n, kí ẹ wá wo ti àbúrò: táátàn ni, ṣùgbọ́n bátànì rẹ̀ ò bára mu. Mo ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bátànì mẹ́ta lára ọmọ ìyá méjì.  Ọmọ olórí ìdílé mà nìwọ̀nyí! Kì í ṣe ọmọ tálákà tó wọ ohun tó bá ṣáà rí. Bí ìdílé kan bá ní aṣọ tirẹ̀, ara àwọn ọmọ yìí ló yẹ ká ti rí i.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Alexander onígọ́ọ̀fù yẹn dàgbà, ó di Lord Macdonald, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ sì jogún oyè. Lọ́dún 1815, ẹgbẹ́ Highland Society ti Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí àwọn olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n fi àpẹẹrẹ táátàn wọn ránṣẹ́, kí àwọn lè lu òǹtẹ̀ sí i, kí àwọn tọ́jú rẹ̀. Èsì tí Lord Macdonald fún wọn ni pé òun kò mọ èyí tí í ṣe táátàn MacDonald gan-an, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wá ojúlówó rẹ̀. Ọmọ ọmọdé inú àwòrán yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀! Olórí ìdílé Robertson ní tirẹ̀ bi àwọn àgbà ìdílé rẹ̀. Gbogbo wọn ní àwọn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Ta ló wá mọ̀ ọ́n nígbà náà? Oníṣòwò aṣọ. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan wà ní Bannockburn, lẹ́bàá Stirling, ti William Wilson àti ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe orí òkè, ìhà àríwá Skọ́tlándì tí àwọn ìdílé yìí ń gbé, ni Bannockburn wà rárá, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn ló ń hun táátàn fún iléeṣẹ́ ológun nígbà tí òfin ìjọba de àwọn ọkùnrin orí òkè pé wọn ò gbọdọ̀ wọ irú aṣọ ìbílẹ̀ wọn mọ́, láti 1747 títí di 1782. Nínú ìwé bátànì wọn, nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ aṣọ ń jẹ́. Òmíràn ń jẹ́ orúkọ ìlú, òmíràn ń jẹ́ orúkọ oníbàárà. Nígbà tí ọjà orúkọ ìdílé wá gbóná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ aṣọ tó ti wà nílẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹyọ kan nínú wọn, nítorí ó dùn mí. Táátàn kan wà tó ń jẹ́ "Kidd" nínú ìwé Wilson. Ọ̀gbẹ́ni Kidd yìí ra púpọ̀ nínú rẹ̀, ó kó o lọ sí àwọn erékùṣù Karibíánì, ó fi dáṣọ fún àwọn ẹrú rẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n jí kó ní ilẹ̀ wa níhìn-ín tàbí tí wọ́n bí sóko ẹrú lọ́hùn-ún. Aṣọ yẹn kan náà ni wọ́n wá gbé fún olórí ìdílé Macpherson, wọ́n yọ orúkọ Kidd kúrò, wọ́n kọ Macpherson sí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé, mo jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ fi aṣọ yẹn bora nínú oòrùn oko ìrèké, kò sí ẹni tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ nípa wọn.

Ọdún 1822 ló wá bọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ọba George Kẹrin wá sí Edinburgh. Ó ti lé ní 150 ọdún tí ọba kan ti tẹ Skọ́tlándì gbẹ̀yìn. Sir Walter Scott, òǹkọ̀wé, ni alága ètò, ó sì ní kí àwọn olórí ìdílé àti èèyàn wọn wọ aṣọ orí òkè wá. Gbogbo wọn sáré lọ bá ahunṣọ. Ọba fúnra rẹ̀ wọ kílítì, àfi bí ẹni pé kì í ṣe àbúrò bàbá bàbá rẹ̀, Duke of Cumberland, ló pa àwọn tó wọ aṣọ yẹn lójú ogun Culloden lọ́dún 1746. Bí Àǹtí bá fẹ́ fi nǹkan wa wé táátàn, aṣọ ẹbí ló jọ, kì í ṣe ilà ojú. Wọ́n dá ọjọ́ òde, wọ́n yan aṣọ, oníṣòwò tà á, kálukú wọ̀ ọ́. Ilà àbàjà lójú èèyàn kò ṣeé lọ pààrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní 1842, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Sobieski Stuart gbé ìwé kan jáde, Vestiarium Scoticum, wọ́n ní inú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ làwọn ti rí i. Ayédèrú ni. Ọ̀pọ̀ táátàn tí wọ́n ń tà lónìí, inú rẹ̀ ló ti wá. Mo ti fi £40 ra ìborùn kan rí tí káàdì ara rẹ̀ sọ pé ìdílé náà ti ń fi í jagun láti ayé Robert the Bruce, ọba Skọ́tlándì àtijọ́. Mo pa á mọ́, mi ò wọ̀ ọ́ mọ́.

Àwọn kan á fa ti olórí ìdílé Grant yọ, pé ó pàṣẹ lọ́dún 1704 kí àwọn èèyàn òun wọ táátàn pupa àti àwọ̀ ewé. Ó pàṣẹ lóòótọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Richard Waitt ya àwòrán àwọn èèyàn ìdílé Grant kan náà, bátànì ara wọn sì yàtọ̀ síra. Ohun tí mo lè gbà fún wọn kò ju ẹyọ kan lọ: Martin Martin kọ ọ́ ní 1703 pé ẹni tó bá mọ àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì dáadáa lè fi aṣọ mọ ibi tí èèyàn ń gbé. Ibùgbé ló sọ, kò sọ ìdílé. Ahunṣọ àdúgbò ló ń hun ohun tó mọ̀ ọ́n hun.

Culloden gan-an wá ńkọ́, 16 oṣù Kẹrin 1746? Àwọn ará orí òkè wà ní ìhà méjèèjì, àwọn Campbell ń jà fún ìjọba, táátàn sì wà lára tọ̀tún tòsì. Ohun tó fi àwọn ọmọ ogun Stuart, àwọn tó ń jà kí ìdílé ọba Stuart lè gba ìtẹ́ padà, hàn ni rìbọ́nù funfun tí wọ́n ká bí òdòdó sára fìlà. Mo ti rin pápá yẹn nínú òtútù. Òkúta tí wọ́n kọ orúkọ ìdílé sí wà níbẹ̀, afinimọ̀nà tó wà pẹ̀lú wa sì ní aṣọ ni wọ́n fi ya òkú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1881 ni wọ́n ri àwọn òkúta yẹn mọ́lẹ̀, ọdún 135 lẹ́yìn ogun. Lára ọ̀kan nínú wọn, "Mixed Clans" ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé wọn ò mọ ta ni ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ irú ìtàn yìí, tàbí tí ẹ fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ kan, ẹ fi rìbọ́nù funfun yẹn sí fìlà ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kí ó já bọ́ sínú ẹrẹ̀ kí ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn igi tó rí i. Kó máa wo táátàn ara rẹ̀ títí, kó má lè mọ̀ bóyá kó sá ni àbí kó jáde sí i. Mo máa ra ìwé yẹn.