Interpol kọ́ ló ń mú èèyàn
Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé Interpol ní ọlọ́pàá tirẹ̀ tó lè wọ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí, kó sì gbé ẹni tó ń fi àwòrán ìbàjẹ́ ọmọdé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Interpol, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, kò láṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń so àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè pọ̀ ni.

Ẹ wo ti ọdún 2007. Ọkùnrin kan ya àwòrán ara rẹ̀ níbi tó ti ń ba àwọn ọmọdé jẹ́ ní Vietnam àti Cambodia, ó wá fi kọ̀ǹpútà lọ́ ojú ara rẹ̀ po bí ẹni ń ro ọkà. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn, àbí? Àwọn ọlọ́pàá Jámánì tú u padà títí ojú fi hàn kedere. Interpol gbé e síta fún aráyé lóṣù Kẹwàá, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì dáhùn: tíṣà ọmọ Kánádà ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tọ́wọ́ fi bà á ní Thailand. Ta ló mú un? Ọlọ́pàá Thailand, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ Thailand.

Red Notice pàápàá, ìyẹn ìkéde tí Interpol máa ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọlọ́pàá kárí ayé nípa ẹni tí wọ́n ń wá, kì í ṣe ìwé àṣẹ ìmúni. Ẹ̀bẹ̀ ni: ẹ bá wa wá ẹni yìí, kẹ́ ẹ sì dá a dúró ná. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tí òfin tirẹ̀ máa fi ṣe. Àwọn tó sì ń ṣiṣẹ́ Interpol l'Ábújá, ọlọ́pàá Nàìjíríà ni wọ́n.